Ọ̀gá Kò-Gbọdọ̀ àti Alùpùpù Ìyá Agbẹ̀bí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́: nínú ìtàn yìí, "ó" ni n ó máa pe ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀, n kò ní pè é ní "wọ́n". Ọ̀wọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi kò pọ̀, àwọn mìíràn sì ń bọ̀ níwájú tó tọ́ sí jù ú lọ. Ọ̀wọ̀ tí òun ti gbà láyé ti pọ̀ jù. Bí ẹnì kan bá tún fi ẹyọ kan lé e, àga tó jókòó sí lè wó.

Kò-Gbọdọ̀ ni gbogbo iléeṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, nítorí gbólóhùn rẹ̀ kan kò lè parí láìsí ọ̀rọ̀ yẹn nínú. Bí o bá kí i káàárọ̀, á ní àárọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá láìníṣẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀, á ní òjò kò gbọdọ̀ dí ìlọsíwájú lọ́wọ́. Òǹtẹ̀ mẹ́rin ló wà lórí tábìlì rẹ̀. Ọ̀kan wà fún "Ó yege", ọ̀kan wà fún "Kò yege", ọ̀kan wà fún ọjọ́. Ìkẹrin jẹ́ àwòrán ojú òun fúnra rẹ̀, èyí tó ní kí wọ́n gbẹ́ fún òun nígbà tó pé ọdún kan nípò. Òun ló fẹ́ràn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì máa ń lù ú mọ́ ohunkóhun tó bá ti jẹ́ bébà, títí kan ìwé tí wọ́n fi di búrẹ́dì rẹ̀.

Igbákejì rẹ̀ ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni. Iṣẹ́ Bẹ́ẹ̀-Ni kò ju kó máa sọ orúkọ ara rẹ̀ lọ. Láràárọ̀, bí mọ́tò ọ̀gá bá ti yọ lẹ́nu géètì, òun ni yóò to àwọn òṣìṣẹ́ sí ẹsẹ̀ méjì láti géètì dé ìdí àtẹ̀gùn. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì fọn fèrè gbogbo alùpùpù tó bá wà nínú ọgbà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bá gbé alùpùpù wá fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, tí fèrè rẹ̀ kò dún, kò dáa fún un.

Ọgbà náà gùn. Ibi àyẹ̀wò wà lábẹ́ òrùlé páànù, ihò méjì sì wà nílẹ̀ tí àwọn ayẹkọ̀wò ń wọ̀ láti wo abẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn òrùlé yìí ni ọ̀nà ọ̀dà kan wà tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Wọ́n fa ilà funfun kan sí ìparí rẹ̀, wọ́n sì to àlòkù táyà bí ògiri sẹ́yìn ilà náà. Lẹ́yìn àwọn táyà ni kòtò omi tí wọ́n ti ń fọ alùpùpù wà, omi rẹ̀ dúdú bí ọ́ìlì tí wọ́n ti lò lọ́dún mẹ́wàá.

Ilà funfun yẹn ní òfin tirẹ̀. Ó ti wà kí Kò-Gbọdọ̀ tó dé, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó gbé e kalẹ̀. Ẹni tó bá máa fọwọ́ sí ìwé alùpùpù, ìbáà yege, ìbáà má yege, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ún sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà yẹn, kó sì fi bíréèkì dá a dúró níbi ilà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn gbogbo ìwé àyẹ̀wò ní lẹ́tà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́: "Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí ti gun alùpùpù yìí fúnra mi dé ilà funfun." Òfin tó dáa ni. Ó máa ń jẹ́ kí ayẹkọ̀wò rò ó dáadáa kó tó gbé bíírò sókè, pàápàá ẹni tó bá láya nílé.

Ẹni tó mọ òfin yìí jù ni Bàbá Tọ́ọ̀ṣì, àgbà ayẹkọ̀wò tí wọ́n ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n sì ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ alùpùpù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kékeré lẹ́nu. Ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì wọn kò mọ́ rí. Bí alùpùpù bá wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ fetí sí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó wò ó.

Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Kò-Gbọdọ̀ kọ lẹ́tà sí Kọmíṣánnà pé àwọn ògbólógbòó alùpùpù ló ń fa gbogbo ìjàm̀bá ojú ọ̀nà, pé kí wọ́n yọ̀ǹda fún òun láti fi katapílà tẹ̀ wọ́n pa. Kì í ṣe ìjàm̀bá ló ń dùn ún o, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ó fẹ́ kí wọ́n gbé òun jáde nínú ìwé ìròyìn, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ nítorí pé ó wo bíréèkì. Kọmíṣánnà fèsì pé ó dáa, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ ka èsì àyẹ̀wò ọdún tó kọjá ránṣẹ́.

Wọ́n kà á. Nínú ọgọ́rùn-ún alùpùpù tó ti lé lógún ọdún, mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló yege. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tuntun, mọ́kànléláàádọ́ta péré ni. Kò-Gbọdọ̀ yí ìwé náà sókè, ó yí i sísàlẹ̀, iye náà kò yí padà. Ó ránṣẹ́ pe Bàbá Tọ́ọ̀ṣì.

"Bàbá, iye wo nìyí? Ìṣirò kò gbọdọ̀ ta ko ọ̀gá."

"Ọ̀gá, ohun tá a rí la kọ. Ẹni tó ra alùpùpù tuntun, ó rò pé tuntun kì í ṣàìsàn, kì í wò ó. Ẹni tó ń gun ògbólógbòó, ìró kékeré kan ni yóò gbọ́, á ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà."

"Àkísà kò gbọdọ̀ wọnú iléeṣẹ́ yìí mọ́," ni Kò-Gbọdọ̀ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀-Ni wí.

Lọ́jọ́ kejì, ìkéde tuntun wà lára ògiri, ojú ọ̀gá sì wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Alùpùpù kankan tó bá ti lé lógún ọdún kò gbọdọ̀ yege. Àwọn tó kù, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò máa yẹ̀ wọ́n wò láti orí bákónì òkè, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ìkéde náà ṣe wí, ẹni tó wà lókè ló ń rí jìnnà. Wọ́n yọ Bàbá Tọ́ọ̀ṣì kúrò nínú ihò, wọ́n fi wọ́n sẹ́nu géètì kí wọ́n máa kọ àwọ̀ alùpùpù tó bá ń wọlé sínú ìwé. Mo bi yín, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lábẹ́ ọkọ̀, ẹ wá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe akọ̀wé àwọ̀. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Láti ọjọ́ náà, àyẹ̀wò di ìran àpéwò. Kò-Gbọdọ̀ á jókòó sórí bákónì pẹ̀lú awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, Bẹ́ẹ̀-Ni á di agboòrùn mú lórí rẹ̀, wọ́n á sì máa ti alùpùpù kọjá nísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń dán, ó yege. Èyí tí kò bá dán, kí wọ́n lọ fọ̀ ọ́ wá. Àwọn èèyàn kúkú gbọ́n: ẹni tí táyà rẹ̀ ti pá bí orí arúgbó á fi ọ́ìlì kùn ún, á kọjá. Alùpùpù pupa kan wà tí okùn ni wọ́n fi so bíréèkì iwájú rẹ̀. Kò-Gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó mí kanlẹ̀, ó ní pupa báyìí kò gbọdọ̀ já èèyàn kulẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fi ojú ara rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Láàárín oṣù kan, ó ti fọwọ́ sí ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́sàn-án. Kò gun ẹyọ kan. Ká sọ òtítọ́, ọkùnrin náà kò gun alùpùpù rí láyé rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká lo ọ̀wọ̀ tá a fi pamọ́. Ìyá Agbẹ̀bí ni ìletò márùn-ún tó wà lódìkejì odò gbójú lé. Alùpùpù wọn ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọkọ wọn ló ń fi í pín lẹ́tà nígbà ayé rẹ̀, nígbà tó sì kú, àwọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi í gba ẹ̀mí là. Kò sí ẹni tó tún mọ àwọ̀ tó wà lára rẹ̀ nígbà kan, tapólì ni wọ́n sì fi lẹ ìjókòó rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì rẹ̀, wọ́n sì mọ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ọdọọdún ló ń yege.

Lọ́dún yìí, wọ́n ò tiẹ̀ jẹ́ kó dé abẹ́ òrùlé. Kò-Gbọdọ̀ fi awò rẹ̀ wò ó láti òkè, ó bojú jẹ́, ó lu òǹtẹ̀ "Kò yege" mọ́ ìwé rẹ̀. Wọ́n fi ṣéènì so ó mọ́ ogójì irú rẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀yìn, wọ́n ní lọ́jọ́ kẹwàá, níwájú Kọmíṣánnà, katapílà yóò gùn wọ́n mọ́lẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí mú ìwé tí wọ́n fún wọn, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Agbẹ̀bí láti ìletò tó jìnnà jù. Wọ́n rìn, wọ́n sáré, wọ́n tún rìn. Kí wọ́n tó dé, ọmọ ti wálẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ ló gbẹ̀bí rẹ̀. Àtìyá àtọmọ yè é, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Ìyá Agbẹ̀bí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé náà, ẹsẹ̀ wọn wú, wọ́n sì ń ka àwọn aboyún tó kù lórí ìka. Ẹ̀rù bà wọ́n gan-an, nítorí pé mẹ́ta nínú wọn ti wọ oṣù, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí sì ru ìbejì.

Wọ́n padà lọ bá Kò-Gbọdọ̀. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n fi Ìyá Agbẹ̀bí sí láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn tàrí kí ọ̀gá tó ní kí wọ́n wọlé. Wọ́n ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nípa odò, nípa ìletò márùn-ún, nípa aboyún mẹ́ta. Wọ́n ní kí ọ̀gá kàn jẹ́ kí ẹnì kan gun alùpùpù náà kó sì rí bí bíréèkì rẹ̀ ṣe rí. Kò-Gbọdọ̀ fi ìka kan ìka bí ẹni tó ń jọ́sìn.

"Ìyá, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ìjọba kò gbọdọ̀ máa sáré tẹ̀ lé ikùn obìnrin. Ẹ lọ sọ fún àwọn aboyún yín pé ìbímọ kò gbọdọ̀ kánjú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀-Ni wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya ìwé náà. Ó kù díẹ̀.

Ìyá Agbẹ̀bí jáde, omi lójú wọn, Bàbá Tọ́ọ̀ṣì sì gbé àga fún wọn lẹ́nu géètì. Àgbàlagbà náà kò ní agbára mọ́, wọ́n sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn bi Ìyá Agbẹ̀bí léèrè bóyá wọ́n ti ka ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n fún wọn. Ìyá Agbẹ̀bí yí i padà, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ tẹ àpò wọn, wọ́n sì nu ojú nù.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Ìbòòji wà, àga wà, oníwèé ìròyìn mẹ́ta wà pẹ̀lú kámẹ́rà. Wọ́n to ogójì alùpùpù àti ẹyọ kan sílẹ̀ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, katapílà sì ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kọmíṣánnà jókòó síwájú. Tíṣà ni obìnrin náà kí wọ́n tó fi wọ́n jẹ Kọmíṣánnà, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ilé ìwé, wọn kò sì gba bébà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí láì yí i wo ẹ̀yìn.

Kò-Gbọdọ̀ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ojú ìwé kìíní, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ní ojú ìwé kejì, ó sọ̀rọ̀ nípa ìdúpẹ́ náà. Nígbà tó dé ìkẹta, ó na ọwọ́ sókè.

"Ọwọ́ yìí, ẹ wò ó. Ọwọ́ yìí ló yẹ gbogbo wọn wò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Alùpùpù kankan kò gbọdọ̀ sọ pé mi ò fọwọ́ kan òun."

Ìyá Agbẹ̀bí dìde. Wọ́n kúnlẹ̀ kí Kọmíṣánnà, wọ́n sì na ìwé wọn sí wọn láì sọ púpọ̀. Kọmíṣánnà ka iwájú, wọ́n yí i padà, wọ́n ka ẹ̀yìn sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́. Wọ́n wá yọ awò ojú wọn.

"Ọ̀gá, ẹ gun alùpùpù ìyá yìí fúnra yín, kò sì dúró níbi ilà?"

Ibí yìí ni ọlọ́gbọ́n ì bá ti wúkọ́ kó sì ní òun fẹ́ mumi. Kò-Gbọdọ̀ wo kámẹ́rà mẹ́ta, ó gbé àyà sókè.

"Mo gùn ún. Eré ló sá kọjá ilà. Díẹ̀ ló kù kó gbẹ̀mí mi."

Ìyá Agbẹ̀bí ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n sì gbé kọ́kọ́rọ́ sókè. "Ẹ gbà mí láyè kí n bi ọ̀gá léèrè ọ̀rọ̀ kan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba alùpùpù lọ́wọ́ mi, kọ́kọ́rọ́ yìí kò kúrò lára mi. Kí ni wọ́n fi ṣí i?"

 Bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá ṣì bò, bí kì í bá ṣe ti Bẹ́ẹ̀-Ni, tó rí i pé kò sí ẹni tó ń yin ọ̀gá, tí ara rẹ̀ kò sì gbà á.

"Ọ̀gá wa kì í lo kọ́kọ́rọ́," ló wí. "Bí alùpùpù bá ti rí wọn, ó ń dìde fúnra rẹ̀ ni."

Ètè àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rín bẹ́ láti ẹ̀yìn, ó gba àárín, ó dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ katapílà, ìyẹn sì pa ẹ́ńjìnnì kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Kọmíṣánnà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n béèrè iye ìwé tí ọ̀gá ti fọwọ́ sí láti ìgbà ìkéde. Wọ́n sọ fún wọn pé ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́sàn-án ni, láìka ogójì àti ẹyọ kan tó wà níwájú wọn. Wọ́n béèrè bóyá ó gun gbogbo rẹ̀. Ó ní òun gùn ún. Wọ́n ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan sí i kò lè rẹ̀ ẹ́, kó mú èyí tó bá wù ú nínú àwọn tó yege, kó gùn ún fún àwọn wò.

Ẹ̀yin náà mọ èyí tó mú. Pupa náà ni. Ó ń dán ju gbogbo wọn lọ, ẹni tó ni ín sì ti gbé e wá kí wọ́n lè yà á ní fọ́tò. Bẹ́ẹ̀-Ni so àṣíborí mọ́ ọ̀gá lórí, iwájú rẹ̀ ló fi sẹ́yìn. Bàbá Tọ́ọ̀ṣì sáré bọ̀ láti géètì pẹ̀lú ìwé àwọ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní kí ọ̀gá dákun má gun ìyẹn, okùn ni wọ́n fi so bíréèkì rẹ̀. Ìkà kọ́ ni Bàbá Tọ́ọ̀ṣì. Èmi ì bá dákẹ́.

"Ohun tí mo bá ti fọwọ́ sí," ni Kò-Gbọdọ̀ wí, "kò gbọdọ̀ má dúró."

Ó sì lọ. Ìdajì ọ̀nà àkọ́kọ́ dára, ó tiẹ̀ gbé ọwọ́ kan sókè kí àwọn oníkámẹ́rà. Ní ìdajì kejì, ó rí i pé ilà funfun ń bọ̀ kíákíá ju bó ṣe ń rí i láti orí bákónì. Ó fa bíréèkì, okùn já. Ó wá lo ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pàṣẹ. Ó ní alùpùpù kò gbọdọ̀ kọjá ilà. Alùpùpù kọjá. Ó ní kò gbọdọ̀ kan táyà. Táyà fò sókè bí ẹyẹ tí wọ́n sọ̀kò sí, ọ̀gá sì wọnú kòtò omi gbàmù, àṣíborí nìkan ló léfòó.

Nítorí pé oṣù pọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ wọn pé ibikíbi tí ọ̀gá bá ti gúnlẹ̀ sí, kí wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Wọ́n sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Wọ́n fà á jáde, ó dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, kò fara pa ju pé ó ń wúkọ́ ọ́ìlì. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kọmíṣánnà kò pariwo mọ́ ọn. Wọ́n kàn sọ pé òfin ni òfin: gbogbo ìwé tó fọwọ́ sí, yóò gun alùpùpù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan dé ibi ilà, Bàbá Tọ́ọ̀ṣì ni yóò máa dúró tì í láti kọ èsì sílẹ̀, wọ́n sì ti gba àga ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi gùn wọ́n tán. Kí katapílà máa lọ sílé.

Bí wọ́n ṣe ń sọ èyí lọ́wọ́ ni fóònù Ìyá Agbẹ̀bí dún. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ojú wọn yí padà. Ìbejì náà ti ń bọ̀. Wọ́n sáré lọ sídìí alùpùpù wọn, wọ́n tú ṣéènì, ṣùgbọ́n Bàbá Tọ́ọ̀ṣì dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú ojú àánú. Alùpùpù tí wọ́n kọ "Kò yege" sí ìwé rẹ̀ kò lè jáde ní géètì, ọwọ́ tó sì kọ ọ́ nìkan ló lè pa á rẹ́. Kọmíṣánnà wo Kò-Gbọdọ̀. Ìyá Agbẹ̀bí kò wò ó rárá. Wọ́n kàn fi kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́, wọ́n sì ti alùpùpù dé orí ọ̀nà.

 Kò-Gbọdọ̀ gorí ìjókòó tapólì, omi dúdú ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀, ó di ojú méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ tó ń gbàdúrà. Nígbà tó kù díẹ̀, Bàbá Tọ́ọ̀ṣì ké sí i pé kó tẹ bíréèkì. Ó tẹ̀ ẹ́.

Alùpùpù dúró. Kò fì, kò ta, kò pariwo. Táyà iwájú wà lórí ilà gẹ́lẹ́ bí ẹni pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n.

Kò-Gbọdọ̀ la ojú kan, lẹ́yìn náà ó la èkejì. Ó wo ilà, ó wo kòtò omi, ó rí i pé òun ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé yóò sunkún tàbí tọrọ àforíjì, ẹ ò tíì mọ ọkùnrin yìí. Ó rí kámẹ́rà. Ó na ẹ̀yìn ró lórí alùpùpù, ó sì nu ọ́ìlì kúrò létè.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí, "mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ògbólógbòó alùpùpù kò gbọdọ̀..."

Ìyá Agbẹ̀bí ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bíírò.

"Ọ̀gá, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kan ń rọbí."

Ó fọwọ́ sí i. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí gbá alùpùpù nípàá lẹ́ẹ̀kan péré, ó dún, wọ́n sì jáde ní géètì láì wẹ̀yìn. Ó kù ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínláàádọ́ta. Lókè ọ̀nà, Bàbá Tọ́ọ̀ṣì ti ń ti èyí tó kàn bọ̀. Tuntun ni, ó sì ń dán.